Òṣùwọ̀n Ọjọ́ Méje

"Tí ẹ bá ní kí èmi àti Ẹlẹ́rọ Méje jọ figagbága, ẹ kúkú ní kí ìgbín àti ẹṣin jọ sáré." Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rọra gbé kọ̀ǹpútà àgbéletan rẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni gbé aláìsàn kalẹ̀. "Ẹ wò ó. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń tú ìdì iṣẹ́ kan. Tí mo bá tún wá ní kí n ka lẹ́tà lórí ẹ̀, ṣe ló máa ń mí hẹlẹ."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá náà. Àwọn mẹ́sàn-án ló pé jọ lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń ta awò ojú, ẹni tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀sán Sátidé ni. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ pákó, kò sì sí ẹni tó ń kánjú àtilọ sílé. Kọ̀ǹpútà kọ́ ni iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìfẹ́ lásán ló kó wọn jọ, irú ìfẹ́ tó máa ń mú kí àgbàlagbà jókòó ti ẹ̀rọ títí ọ̀fun á fi gbẹ, tí kò sì ní rántí pé òun ò tíì jẹun.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé, àmọ́ bí àlá ló máa ń rí létí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Níbì kan tó jìnnà gan-an, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kan gbé àwo irin ńlá kọjú sí sánmà, àwo náà sì ń gbọ́ ariwo tó ń bọ̀ láti òkè lọ́hùn-ún tọ̀sán-tòru. Ariwo náà pọ̀ kọjá ohun tí ẹ̀rọ kan lè dá gbọ́ tán. Ni wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, wọ́n dì í ní ìdì kéékèèké, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tó bá yọ̀ǹda tirẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ò bá lò ó, á máa tú ìdì tí wọ́n fún un, á máa wò ó bóyá nǹkan kan wà nínú ariwo yẹn tí kì í ṣe ariwo lásán. Tó bá parí, á dá èsì padà, á sì gba ìdì mìíràn. Báyìí ni ẹ̀rọ inú pálọ̀ àti ẹ̀rọ ẹ̀yìn káńtà ṣe ń fetí sí ojú ọ̀run kárí ayé.

Ní oṣù yẹn, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ náà ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ìdíje láàrin ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá gbégbá orókè, òun ló máa yan ibi kékeré kan lójú sánmà, tí kò ju ìbú àtàǹpàkò téèyàn nà sókè lọ, wọ́n á sì kọjú àwo ńlá náà síbẹ̀ fún odidi oṣù kan nítorí tirẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ọ ni oorun kálukú ò ti dára mọ́.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní sí ìrẹ́jẹ? Oníṣẹ́ fọ́tò kan wà láàrin wọn tó ní kọ̀ǹpútà ńláńlá méje, òun ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rọ Méje. Tí wọ́n bá kàn ka iye ìdì tí kálukú tú, òun ló máa jẹ, iṣẹ́ àwọn tó kù ò sì ní ju kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lọ.

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi mi," ni Ẹlẹ́rọ Méje wí. "Ṣé kí n wá fọ́ mẹ́fà nínú wọn ni?"

"A ò ní kí o fọ́ nǹkan kan." Alága yíjú sí obìnrin kan tó jókòó jẹ́ẹ́ létí fèrèsé. "Oníwọ̀n, ìwọ la gbé e lé lọ́wọ́. Kí lo rí sí i?"

Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni Oníwọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbé àpótí òdiwọ̀n kiri ṣọ́ọ̀bù àti ilé oògùn, á gbé òdiwọ̀n rẹ̀ lé orí sìkéèlì wọn, á wò ó bóyá sìkéèlì náà ń sòótọ́. Kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Tí sìkéèlì bá parọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì kí wọn pé ó dàbọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká má fi ẹ̀rọ wé ẹ̀rọ," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ kálukú wé ara rẹ̀. Láti òní títí di ọjọ́ Ẹtì, kí gbogbo wa máa ṣe bá a ṣe máa ń ṣe. Iye ìdì tí ẹ̀rọ rẹ bá tú láàrin ọjọ́ méje yẹn, òun ni òṣùwọ̀n rẹ. Tí ìdíje bá wá bẹ̀rẹ̀, ká nu eruku inú ẹ̀rọ, ká dín ìranù kù lórí ẹ̀, ká wo ẹni tó máa fi tayọ òṣùwọ̀n ara rẹ̀ jù. Ẹni tó ń tú mẹ́ta tẹ́lẹ̀ tó wá tú mẹ́fà, ó ju ẹni tó ń tú ọgọ́rùn-ún tó wá tú àádọ́jọ lọ."

Olùtọ́jú ilé ìkàwé pàtẹ́wọ́. Ẹlẹ́rọ Méje nìkan ló fajú ro, bẹ́ẹ̀ òmùgọ̀ kọ́.

"Ó dáa. Tí ẹnì kan bá wá mọ̀ọ́mọ̀ ń pa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ òṣùwọ̀n yìí ńkọ́, kí òṣùwọ̀n rẹ̀ lè kéré, kó wá di ìràwọ̀ lọ́sẹ̀ ìdíje?"

"Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ á tú u fó," ni Oníwọ̀n fèsì. "Wákàtí tí o tàn án, wákàtí tí o pa á, gbogbo ẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀. Kálukú á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá tẹ gbogbo wọn sórí ìwé, màá tẹ́ wọn sórí tábìlì yìí ní Sátidé tó ń bọ̀. Kálukú á ka ti ẹnì kejì. Kò ní sí ti ẹnikẹ́ni tí a máa fi pamọ́, títí kan tèmi."

Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n Oníwọ̀n ni, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń tún ẹ̀rọ agbéniròkè ṣe ní àwọn ilé alájà púpọ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yin ò mọ àbúrò mi. Nígbà tá a wà ní kékeré, rúlà ló fi máa ń wọn búrẹ́dì kó tó gé e fún èmi àti òun."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni Ẹ̀gbọ́n dúró dè é.

"Màmá ńkọ́?"

"Koko ni wọ́n le, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìyàwó mi ti kun yàrá ẹ̀yìn o. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ." Ó gbé fìlà rẹ̀ dé. "O rántí àdéhùn wa."

Ta ló lè gbàgbé ẹ̀? Nígbà tí bàbá wọn kú, wọ́n jọ fẹnu kò pé Màmá á máa gbé lọ́dọ̀ Oníwọ̀n, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì lè dá wà nílé lọ́sàn-án láìséwu. Ọjọ́ tí ìyẹn bá yẹ̀, wọ́n á kó lọ sílé Ẹ̀gbọ́n, nítorí inú ilé ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ, kì í jáde. Àdéhùn tó dáa ni. Oníwọ̀n fúnra rẹ̀ ló dá a. Àmọ́ kò lọ́kọ, kò bímọ, Màmá nìkan ló ń dá a lóhùn tó bá kí ilé pé ẹ kú ilé. Tó bá ń ro yàrá tí wọ́n ti kùn yẹn, àyà rẹ̀ máa ń já.

Ọ̀sẹ̀ òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Oníwọ̀n á jókòó pẹ̀lú Màmá níwájú kọ̀ǹpútà tó wà nínú pálọ̀, wọ́n á jọ máa wo ariwo ọ̀run tí ẹ̀rọ náà ń yà sójú rẹ̀ ní ìlà aláwọ̀ aró àti ìlà pupa, tó ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìdábọ̀. Ìró ẹ̀rọ náà á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà míì Oníwọ̀n á sùn lọ díẹ̀ lórí àga, á rí ara rẹ̀ lórí pápá kan tó tẹ́jú, tó na àtàǹpàkò sókè, tó ń yan ibi tí òun fẹ́. Ibi tó ṣókùnkùn jù lọ ló máa ń yàn, níbi tí kò ti sí ìràwọ̀ kankan téèyàn lè fojú rí. Ó wù ú kí wọ́n gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Kò tíì jẹ ẹ̀bùn kankan rí láyé, kì í sì í ṣe ohun tó máa ń dùn ún, àmọ́ èyí wù ú dé ọkàn.

"Òjò lèyí jọ," ni Màmá á wí. "Òjò tó ń rọ̀ sílé onílé."

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi ṣe atẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ìka wọn sì ṣì ń jó lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà bí ìka ọ̀dọ́mọdé. Lóòótọ́, wọ́n ń gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé sínú àpò ṣúgà. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n béèrè ìgbà tí bàbá á dé. Oníwọ̀n á yára rí àwáwí fún wọn: àgbà ló dé, ta ni kì í gbàgbé? Àní òun náà ti wá awò ojú rẹ̀ ká ilé rí, tó sì jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló wà.

Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé ní Ọjọ́bọ̀, kò bá ìlà aró àti ìlà pupa lójú kọ̀ǹpútà. Àpótí kékeré tí wọ́n máa ń tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé sí ló bá níbẹ̀, tó ń ṣẹ́jú sí i. Ó rò pé iná ló lọ tó dé. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà, iṣẹ́ sì tẹ̀ síwájú. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ká ọwọ́ lé itan.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣé kò sí?"

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé rẹ̀. Wọ́n ki oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta gbọnrangandan, wọ́n sì gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Inú Oníwọ̀n dùn. Kò béèrè ìdí.

Àárọ̀ Sátidé ló jókòó láti tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo ènìyàn jáde. Ó fara balẹ̀ ka ti kálukú bó ṣe máa ń ka sìkéèlì. Ti olùtọ́jú ilé ìkàwé mọ́ kedere: ìdì mẹ́ta àti ààbọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ò sinmi. Ti Ẹlẹ́rọ Méje náà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Oníwọ̀n, kí Ọlọ́run dárí jì í, ti ń retí kó rí nǹkan kan níbẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n dára. Ó wá kan ti Oníwọ̀n fúnra rẹ̀.

Ìdì mọ́kànlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń tú lọ́sẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá pa á lójijì, ìdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ṣí àkọsílẹ̀ náà. Ọjọ́ Ajé: wọ́n pa á ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n tàn án padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ìwọlé tọ̀nà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ẹ̀ẹ̀mejì. Ọjọ́rú: ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ọ̀rọ̀ ìwọlé kùnà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tọ̀nà. Ọjọ́bọ̀ wá gun gbọọrọ sísàlẹ̀ ojú ìwé. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án, ọ̀rọ̀ ìwọlé kùnà. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án, kò tọ̀nà. Ó kà á títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́ títí aago márùn-ún kọjá, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wọlé. Ọjọ́ Ẹtì: ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tọ̀nà, àmọ́ ẹ̀rọ wà ní pípa fún wákàtí mẹ́ta ṣáájú.

Oníwọ̀n gbé ọwọ́ lé ẹnu. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé lọ́sàn-án. Kọ́kọ́rọ́ inú ṣúgà ṣeé ṣe láwàdà, àmọ́ èyí ní wákàtí, ó ní ìṣẹ́jú, ó sì wà ní dúdú lórí funfun. Ó wá yé e pé ohun tí òun ti ń sá fún láti bí oṣù mélòó kan ni òun fọwọ́ ara òun wọ̀n, tí òun tún ṣòfin pé kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Níwájú Ẹ̀gbọ́n.

Pípa ìlà wọ̀nyẹn rẹ́ ò ní gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó pa wọ́n rẹ́, ó sì sọ mọ́kànlá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó tiẹ̀ burú níbẹ̀ ni pé irọ́ náà ò ní fún un ní àǹfààní kankan nínú ìdíje. Òṣùwọ̀n kékeré tí ì bá mú un jẹ ẹ̀bùn ló ń fi irọ́ bò mọ́lẹ̀. Ó tẹ ojú ìwé tó mọ́ yẹn jáde. Ó wò ó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń mú irú èyí lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó tún tẹ èyí tó jẹ́ òtítọ́ jáde, ó ki méjèèjì bọ inú fáìlì, ó sì jáde nílé láìmọ èyí tó máa yọ.

Nígbà tó dé yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù, tábìlì ti wà nílẹ̀ fún un. Ó ń tẹ́ àwọn ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ń wò ó bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de èsì. Nígbà tó kan tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú fáìlì náà fún ìgbà díẹ̀. Olùtọ́jú ilé ìkàwé rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ti gbé ìdì mẹ́ta àti ààbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láìtijú. Oníwọ̀n yọ èyí tó jẹ́ òtítọ́, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn yòókù.

Ẹlẹ́rọ Méje ló kọ́kọ́ mú un. Ó kà á, ojú rẹ̀ yí padà.

"Oníwọ̀n, kí nìyí? Mọ́kànlá? Ẹ wá wò ó o. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ló pa ẹ̀rọ ní Ọjọ́bọ̀ nìkan! Ìwọ tí o ṣòfin?" Ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni tí nǹkan dùn. "Mo rò pé ìwọ lẹni tó kẹ́yìn tó máa ṣe irú èyí."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé Ọjọ́bọ̀, kò yára mọ́. Ó kà á dé ìparí, ó ká ìwé náà sí méjì.

"Iná ni," ló wí. Kò wo ojú àbúrò rẹ̀. "Iná àdúgbò wọn ti ń ṣe ségesège láti ọjọ́ Ajé. Èmi fúnra mi rí i nígbà tí mo yà síbẹ̀."

"Áà!" ni Alága wí, ara gbogbo wọn sì balẹ̀. "O ò bá tètè sọ. Iná! Kí a wá fi ọjọ́ mélòó kan kún un fún un, kó lè wọn tirẹ̀ tuntun."

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Kí Oníwọ̀n kàn mi orí ló kù, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kì í purọ́ ti bá a pa á tán. Ó wo ìwé tí wọ́n ká sí méjì náà, ó sì rí i bí ẹni pé Màmá ni wọ́n ká bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sápò.

"Iná kì í ṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé tẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Màmá wa ni. Wọ́n ń gbàgbé. Mi ò sí nílé lọ́sàn-án, wọ́n ń pa ẹ̀rọ, wọ́n ń tàn án, wọn ò rántí bí wọ́n ṣe máa wọlé. Mo ti ń fi pamọ́ fún gbogbo yín." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ẹ yọ tèmi kúrò nínú ìdíje. Òṣùwọ̀n náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ mi."

Olùtọ́jú ilé ìkàwé dìde, ó wá dúró tì í lẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ẹlẹ́rọ Méje ò mọ ibi tó máa kojú sí. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ló sọ fún Oníwọ̀n níkẹyìn. Láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti mọra, kò pè é ní ẹ̀gbọ́n rí.

Alága ní kí olùtọ́jú ilé ìkàwé máa ka òṣùwọ̀n tó kù lọ. Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ sí ìgboro. Ọjọ́ náà rọ̀ wọ̀ọ̀, àwọn ènìyàn ń gbé ẹrù wọn kọjá láìsáré, wọ́n sì rìn tó òpó iná mẹ́rin kí Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Mo ti mọ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. Wọ́n pè mí ní orúkọ bàbá wa lórí fóònù, wọ́n ní kí n má pẹ́ dé."

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Tí mo bá ti sọ ọ́, àdéhùn ti ṣẹ nìyẹn. Ṣé kí n wá kó wọn lọ, kí n fi ìwọ nìkan sílẹ̀ nínú ilé yẹn?" Ó gba òkúta kan nípàá. "Mo ń sọ ọ̀rọ̀ yàrá tí a kùn yẹn kí ìwọ lè kọ́kọ́ sọ ọ́ ni. O kọ̀, o ò sọ."

Oníwọ̀n ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Ó mú apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì, bẹ́ẹ̀ kò sí títì kankan níwájú wọn.

Wọ́n bá Màmá nínú pálọ̀, níwájú kọ̀ǹpútà. Ìlà aró ń gòkè, ìlà pupa ń sọ̀ kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn ń kọjá lójú Màmá bí òjìji omi. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, Màmá ní kó dìde, wọ́n sì pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwọn méjèèjì jókòó. Ìwé náà wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, Màmá sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé èsì mi nìyẹn?"

"Èsì wo, Màmá?" ni Oníwọ̀n béèrè.

"Tọ̀sẹ̀ yìí. Mo gbọ́ nígbà tí ò ń ṣàlàyé fún ẹnì kan lórí fóònù. O ní kí kálukú kọ́kọ́ wọn ara rẹ̀ fún ọjọ́ méje ná, kó lè mọ ibi tí òun wà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní, ọ̀rọ̀ gidi lèyí." Wọ́n tún ìró wọn ṣe. "Mo mọ̀ pé mo ń gbàgbé. Ẹ̀yin lẹ rò pé mi ò mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe atẹ̀wé, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n dán mi wò lẹ́nu iṣẹ́, mi ò kùnà rí. Mo wá ní kí n dán ara mi wò. Lójoojúmọ́ tó bá ti lu aago méjì, màá pa á, màá tàn án, màá wò ó bóyá mo ṣì lè tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé yẹn láìwo ibì kankan."

Oríkì Oníwọ̀n àti ọdún tí wọ́n bí i ni ọ̀rọ̀ ìwọlé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, nítorí ó dá a lójú pé kò sí bí Màmá ṣe lè gbàgbé ìyẹn.

"Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò rí i," ni Màmá wí. "Oríkì tí mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo wá a títí. Nígbà tí o dé, ọmọ mi nìkan ni mo rí pè ọ́. Àmọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí mo ti pa ẹ̀rọ tí mo jókòó tì í, ó kàn yọ sí mi."

Oníwọ̀n ti kúnlẹ̀, ó ti gbé orí lé itan Màmá. Ẹ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì tán níbi nínù.

"Màmá," ló wí, "ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa máa gbé…"

"Mo mọ̀. Ìwọ ní yàrá, òun ní àdéhùn. Ẹ̀yin méjèèjì á sì máa fi mí ránṣẹ́ láàrin ara yín bí àwọn ìdì iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń tú." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì na ọwọ́. "Èmi ni mo máa yan ibi tí mo máa gbé. Mo ṣì lè yan án lónìí, ìdí tí mo fi fẹ́ gbọ́ èsì náà lónìí nìyẹn. Kà á fún mi, bó o ṣe máa ń ka ti àwọn oníṣọ́ọ̀bù."

Oníwọ̀n gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dìde dúró bó ṣe máa ń ṣe níwájú sìkéèlì, ó na ìwé náà tí wọ́n ti ká, ó sì kà á ní ohùn tó ṣe ketekete: ọjọ́ Ajé, aago méjì ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀kan, ó tọ̀nà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ẹ̀mejì. Màmá ń mi orí, wọ́n ń fi ìka kà á lórí apá àga. Ó ka Ọjọ́rú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ ń sá lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, sí ọjọ́ Ẹtì.

"Má fo Ọjọ́bọ̀," ni Màmá wí.

Kò fò ó.